Ajá Tí Áńkù Tony Yọ Kúrò

Ọjọ́bọ̀ ni Kíkẹ́lọmọ kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2022. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa nítorí pé kò sí iná, fèrèsé yàrá fáìlì há, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀ tí mò ń làágùn.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú fáìlì."

"Èmi ni."

"Àjọ wa kọ lẹ́tà sí yín ní oṣù Kẹta, lórí kànga tí a fẹ́ gbẹ́ ní Jikwoyi. Gbogbo èèyàn ní àwọn ò rí i."

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ọ́fíìsì tí òun ti lọ ni wọ́n ti ń sọ ọjọ́ Ajé fún òun. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì mi. Ẹnì kan ló ti kó o sínú fáìlì àdúgbò Jahi. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo gbẹ́ kànga náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó gbé ike zobo kan wá, tútù, pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó nínú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sè é fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọ̀gá yín mu."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kubwa ni wọ́n ti bí i, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Kenny. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Kíkẹ́lọmọ láìgé e kúrú. Ó ní lẹ́nu mi, orúkọ náà máa ń dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì, ike zobo kan kò sì yẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní oṣù Kìíní, ìtọ̀ mi pọ́n. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní zobo ni. Mo tilẹ̀ sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

"Mo ti pa inú ẹ láró," ó ní. "O ò lè sá fún mi mọ́."

Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì. Kíkẹ́lọmọ ń gbààwẹ̀, kò se zobo mọ́. Mo ka ọjọ́ mẹ́wàá láìmu ún, mo ka ogún. Ìtọ̀ mi ṣì pọ́n.

*

Lẹ́yìn Àjíǹde ni a mú ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò mọ ara wọn: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà. Mọ́mì rẹ̀, Ìyáàfin Beatrice Àyàndá, kò fẹ́ràn mi. Opó ni wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ipò ńlá ni wọ́n sì wà ní iléeṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé:

"Yunifásítì wo lo lọ?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo lọ, mà, ní Nyanya. Ibẹ̀ ni mo ti gba ìwé-ẹ̀rí mi."

"Lọ́sàn-án ńkọ́? Kí lò ń ṣe lọ́sàn-án?"

"Mò ń gbé blọ́kù, mà. Lẹ́yìn náà mo ríṣẹ́ sí yàrá fáìlì."

Wọ́n ń yí ife tíì wọn. Ife búlúù ni, etí rẹ̀ ti kán.

Ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ tèmi nínú ilé náà ni Áńkù Tony, àbúrò Mọ́mì. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò ìjọba, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń sọ ohun gbogbo lọ́nà tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n fi ara wọn ṣe alárinà wa. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ sọ fún Mọ́mì, Áńkù Tony ni yóò bá mi gbé e lọ, wọ́n á sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó débẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, mò ń ṣàìsàn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní Jikwoyi.

"Ṣé o wẹ̀ nínú odò rí?" ó bi mí.

"Inú odò ni mo dàgbà sí. Ní Kàbbà."

"Àtọ̀sí ajá ni."

Ó fún mi ní oògùn. Ẹ̀jẹ̀ náà dá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà, ìrora sì wọ ẹ̀gbẹ́ mi òsì. Ó wá di pé kí ìdajì wákàtí tó pé, mo ti gbọ́dọ̀ tọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, Mọ́mì pè mí wá jẹun ọ̀sán ní Kubwa. Ìgbà mẹ́ta ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀: ní Nyanya, ní AYA, ní Berger. Ní Berger, ẹ̀gbẹ́ náà gún mi tí mo fi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Fóònù mi ti kú. Mo padà sílé.

Áńkù Tony wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Adéyẹmọ, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ àwo mẹ́rin. Àwo mẹ́ta la fi jẹun. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ bá mi sọ pé ara mi ò yá, sà."

"Ara ò yá báwo? Ibà ni? Wọ́n á béèrè. Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wo ilẹ̀. N kò sọ irú rẹ̀ fún bàbá tó bí mi.

"Àtọ̀sí ajá ni, sà. Odò tí mo wẹ̀ ní kékeré ló fà á. Mò ń tọ ẹ̀jẹ̀."

"Áà, pẹ̀lẹ́. Má wulẹ̀ ronú. Mo mọ bí n ó ṣe gbé e kalẹ̀."

*

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Kíkẹ́lọmọ wọ yàrá fáìlì, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò kí mi.

"Kí ni àtọ̀sí?"

Ìwé tí mo kó dání bọ́ sílẹ̀. "Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Mi ò bi ẹ́ pé ta ló sọ ọ́. Mọ́mì mi ń sunkún látàná. Wọ́n ní o ní àtọ̀sí. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó o. Mo wá a lórí fóònù." Ó gbé fóònù náà sókè. "Mo ti rí ohun tó jẹ́."

"Kì í ṣe àtọ̀sí. Àtọ̀sí ajá ni."

"Ajá?" Ó sún mọ́ mi. "Ajá báwo? Ajá ló kó o ràn ẹ́?"

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, àwa méjèèjì ì bá rẹ́rìn-ín.

"Orúkọ lásán ni. Inú odò ni wọ́n ti ń kó o. Kò sí obìnrin nínú ọ̀rọ̀ náà."

"Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan tí a ti jọ wà. Ọwọ́ mi nìkan lo ń dì mú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé o ní sùúrù. Ṣé sùúrù ni, Adéyẹmọ, àbí o ní ibòmíràn tó ò ń lọ?"

Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n búra. Ṣùgbọ́n láti kékeré, bí nǹkan bá dùn mí dé egungun, ẹnu mi a wúwo. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ìwé tó bọ́ sílẹ̀, mo ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ò ń to ìwé," ó ní. "Mò ń bi ẹ́ nípa ayé mi, ò ń to ìwé."

"Kíkẹ́lọmọ..."

"Lọ sí ọsibítù gidi. Gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ lára. Bó ò bá tíì gbà á, má pè mí."

Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Áńkù Tony fi ìhìn ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ní ká sún ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà síwájú. Wọn kò sọ ọjọ́ mìíràn.

Mo rò ó pé kí n fi í sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi fẹ́ ẹ? Yàrá kan ní Jikwoyi, àti ara tó ń da ẹ̀jẹ̀? Lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko, mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sórí fóònù, mò ń pa á rẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n fi í ránṣẹ́ ni pé bí mo bá lọ báyìí, orúkọ tí yóò fi rántí mi títí ayé ni àtọ̀sí.

*

Dókítà Jàbárù ni wọ́n ń pe dókítà tó gbà mí ní ọsibítù ìjọba. Obìnrin kúkúrú, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ní kí n gbé ìtọ̀ ìdájí wá fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú ìgò mẹ́ta. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo kíndìnrín mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi wò fún ohun gbogbo, títí kan àtọ̀sí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ni èsì jáde, ó ku ọjọ́ kan kó pé ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì ì bá mọ ara wọn.

"Kò sí àtọ̀sí lára rẹ," dókítà ní. "Kò sí àtọ̀sí ajá náà. Ikọ́ ife ni."

"Dókítà, mi ò wúkọ́."

"Mo mọ̀. Àyà rẹ mọ́. Kíndìnrín òsì ló wà, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀."

"Báwo ni ikọ́ ṣe ń wà nínú kíndìnrín?"

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Orúkọ yẹn ló ń dà yín láàmú. Ibi tí àwọn àgbà ti rí i ni wọ́n fi sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ wọ inú àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè gbé e kiri. Ó lè fara pamọ́ síbì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí. Kíndìnrín, eegun, kókó ọrùn, ilé ọmọ. Ṣé o ti bá ẹni tó ń wúkọ́ gbé rí?"

Mo rántí. Ọdún 2009, ní Mararaba, àwa mẹ́rin nínú yàrá kan. Ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wúkọ́ láti oṣù Kọkànlá títí di Àjíǹde. Aṣọ ìbora kan ni èmi àti òun jọ ń lò.

"Yóò san," dókítà ní. "Oṣù mẹ́fà, o ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. O ò sì lè fi èémí kó o ran ẹnikẹ́ni." Ó tún wo ìwé èsì náà. "Ṣé o ní ẹni tó o fẹ́ fẹ́?"

"Mo ní in. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní in."

"Kórópọ̀n rẹ òsì wú díẹ̀. Àìsàn náà lè ti dí ọ̀nà níbẹ̀. Mi ò sọ pé o ò ní bímọ. Mi ò sì lè ṣèlérí pé o máa bí. Ó yẹ kó mọ̀."

"Ṣé ó wà nínú ìwé tí ẹ fún mi yìí?"

"Rárá. Ìyẹn, ẹnu rẹ ni yóò sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní oògùn, Sàídátù, ọmọ Ìlọrin tó dàgbà sí Kàdúná, ló fún mi ní páálí àkọ́kọ́. "Sànnu," ó kí mi. "Ọ̀fẹ́ ni. Láràárọ̀, kó o tó jẹ nǹkankan. Ìtọ̀ ẹ á pọ́n bíi Fáńtà. Má sá wá bá mi o, oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

*

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé ìwé olóǹtẹ̀ mi lọ sí Kubwa. Mọ́mì jókòó, Áńkù Tony jókòó, Kíkẹ́lọmọ dúró lẹ́yìn àga. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wẹ̀sì.

"Mọ́mì, TB ni. TB inú kíndìnrín. Àtọ̀sí kọ́."

Mọ́mì kò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò. "Kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?"

"Ikọ́ ife, mà."

"Ikọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wúkọ́ kí n gbọ́."

Fáànù ń yí.

"Mi ò wúkọ́, mà."

"O ní ikọ́, o ò wúkọ́. Ìsàlẹ̀ ara rẹ ló ń da ẹ̀jẹ̀, o ní ikọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka àlàyé àwọn ọkùnrin tó ń parọ́ ní ọ́fíìsì. Kò sí èyí tó gbọ̀n tó báyìí nínú wọn."

"Mọ́mì, ní Gẹ̀ẹ́sì kò sí ikọ́ nínú orúkọ ẹ̀," Kíkẹ́lọmọ ní.

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bí mi? Tony! Ṣebí ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé àtọ̀sí ni?"

Áńkù Tony ti ń nu ojú láti ìgbà tí mo wọlé. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n... ajá wà níbẹ̀."

"Ajá wà níbo?" Mọ́mì bojú wẹ̀yìn.

"Nínú ọ̀rọ̀ náà. Àtọ̀sí ajá ni ọmọ yìí sọ fún mi. Èmi ni mo yọ ajá kúrò. Mo ní kò bójú mu kí n máa pe ajá níwájú yín, nínú ọ̀rọ̀ àna."

Kíkẹ́lọmọ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Tony," Mọ́mì ní, pẹ̀lú ohùn kékeré, "ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi sùn."

Mo rò pé ó ti parí. Bóyá ì bá ti parí lóòótọ́, ká ní àpò ìtọ̀ mi lè dúró. Mo tọrọ ààyè, mo wọ ilé ìtọ̀ wọn. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí omi. Mo jáde láti tọrọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, Mọ́mì sì ti gbé e bọ̀ fúnra wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé omi ti lọ. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n rí ohun tó wà nínú àwo náà, ó pọ́n yòò.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, omi sì dà dé pálọ̀.

"Oògùn ni, mà. Wọ́n ti sọ fún mi pé..."

"Níjelòó, ajá ni. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ikọ́ ni. Báyìí, oògùn ni. Kí ló máa jẹ́ lọ́la?" Omijé ń bọ́ lójú wọn. "Ọmọ kan ni mo ní. Ọ̀kan. Jọ̀wọ́, máa lọ."

Kíkẹ́lọmọ tẹ̀ lé mi dé géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù fún omi tó dà sílẹ̀.

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," ó ní. "Ṣó o gbọ́? Mo gbà ẹ́ gbọ́. Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo lè gba ọ̀rọ̀ yẹn kí n máa lọ sílé. Ó ti tó mi. Ṣùgbọ́n mo ní, "Dúró. Ó ku ohun kan tí kò sí nínú ìwé." Mo sì sọ ọ́ fún un, gbogbo ohun tí dókítà sọ nípa ọmọ. Ó di irin géètì mú.

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ nínú ilé?"

"Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Mi ò mọ ohun tí màá sọ."

"Má sọ nǹkankan."

Ó wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn.

*

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Láràárọ̀, mo gbé oògùn mì, mo wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo to fáìlì. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ti ṣe ohun tó yẹ, àti pé bó bá lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ kan.

Ní àárọ̀ ogúnjọ́, ọ̀rọ̀ méjì wọlé sórí fóònù mi, láìní àmì kankan lórí: "Awo wo?"

Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó yé mi pé àwọ̀ ló ń béèrè. Mo kọ ọ́ padà pé: "Fáńtà."

"O daa. Lo oogun e."

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kò bi mí. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pè mí.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Mo fẹ́ ọmọ. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo fẹ́ ẹ gan-an. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n o lè dákẹ́ ní géètì yẹn, mi ò sì ní mọ̀ láéláé. Ẹni tí kò dákẹ́ ni mo fẹ́. Ọmọ, a ó jọ máa wò ó."

"Mọ́mì ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń pè ẹ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ."

Oṣù Kẹsàn-án ni Áńkù Tony tún pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá ọ lọ síbi tó o ti ń gba oògùn, lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Wọ́n ní, mò ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n ní kí àwọn fi etí ara wọn gbọ́, nítorí pé nínú àwa méjèèjì, aṣiwèrè ni èmi, òpùrọ́ sì ni ìwọ. Mi ò yọ nǹkankan kúrò."

*

Mọ́mì ló wa ọkọ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́nu ọ̀nà Sàídátù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin kan jókòó pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ọmọ náà nàró gan-an, bí ẹni pé wọ́n so pákó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun líle kan wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó yí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká.

"Kí ló ṣe é?" Mọ́mì béèrè.

"Eegun ẹ̀yìn ni, mà," obìnrin náà ní. "Ikọ́ ife ló wọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń yọ gọngọ ká tó mọ̀. A rò pé ó ṣubú ni."

"Ó ń wúkọ́?"

"Kò wúkọ́ rí, mà. Lọ́jọ́ kan."

Mọ́mì ń wo ọmọ náà títí ọmọ náà fi tijú, tó fi orí pamọ́ sára ìyá rẹ̀.

"Ẹfúnróyè," wọ́n ní.

Mo rò pé wọ́n ń pe ẹnì kan. Mo wo ẹ̀yìn.

"Àbúrò mi ni. Òun ló tẹ̀ lé mi. Wọn ò tíì bí Tony." Wọn kò wojú mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n ní ó jábọ́ lórí igi máńgòrò. Kò gun igi rí. Ẹ̀rù igi ń bà á. Nígbà tí ẹ̀yìn náà yọ, wọ́n ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kó lè padà wọlé. Á máa ké. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ fún un pé, 'Nàró, Ẹfúnróyè. Ṣe ni kó o nàró.'"

Mo dákẹ́. Ó jọ pé ìdákẹ́jẹ́ mi ṣe wọ́n lóore lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Sàídátù jáde. "Yauwa, Fáńtà dé," ó ní, kó tó rí ojú Mọ́mì. "Ẹ káàárọ̀, Mama."

"Nọ́ọ̀sì, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wọ̀, oṣù mélòó ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀?"

"Oṣù méjìlá, Mama. Ti kíndìnrín, oṣù mẹ́fà ni. Kò sí owó kankan."

"Oṣù méjìlá," Mọ́mì ní. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n tún sọ ọ́, fún ara wọn. "Oṣù méjìlá péré."

Nínú ọkọ̀, wọ́n ní, "Adéyẹmọ, fa bẹ́líìtì rẹ." Wọn kò fi Ọ̀gbẹ́ni sí i. Mo fà á. Mo mọ̀ pé bí mo bá panu mọ́ títí a ó fi dé Kubwa, wọ́n á fún mi lọ́mọ wọn. Ó hàn lójú wọn. Mo sì mọ ohun tó kù tí mi ò tíì sọ.

"Mà, ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé yẹn."

Wọ́n ya sẹ́bàá títì, wọ́n pa ọkọ̀. Mo sọ ọ́. Mo lo ọ̀rọ̀ tí dókítà lò, mi ò dín in kù, mi ò fọ̀ ọ́ mọ́. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mi tiwa jìgìjìgì.

"Kíkẹ́ ti sọ fún mi láti oṣù Keje," Mọ́mì ní.

Mo yíjú sí wọn.

"Mò ń dúró dè ọ́. Mo ní bó bá lè gbé èyí pamọ́ fún mi, kò sí ohun tí kò lè gbé pamọ́ fún ọmọ mi." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú etí gèlè. "Inú mi ò dùn sí i. Má retí pé kí inú mi dùn. Mo fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìyà jẹ ẹnì kan rí nítorí orúkọ tí wọ́n pe àìsàn rẹ̀. Mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀.

*

Mo gbé oògùn ìkẹyìn mì nínú oṣù Kejìlá. Dókítà Jàbárù ní ìtọ̀ mi ti mọ́. Kíndìnrín òsì kò ní ṣiṣẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ti ọmọ, ó ní ohun tí òun sọ náà lòun ṣì ń sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní, ọdún 2024, bàbá mi wá láti Kàbbà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Pálọ̀ Mọ́mì ni a jókòó sí. Kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sílẹ̀, Mọ́mì ní kí Áńkù Tony dìde.

"Sọ ohun tó ṣe ọmọkùnrin yìí, kó má baà jẹ́ ìta ni ẹnikẹ́ni yóò ti gbọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń pè é, ni kó o ṣe pè é."

Áńkù Tony tún agbádá wọn ṣe. "Ikọ́ ife ni, tó wọ kíndìnrín, tí kò sì wúkọ́. Ó ti san. Àwa la kọ́kọ́ ṣì í pè ní àtọ̀sí..." Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ń dúró. "...ajá."

"Ajá wo?" bàbá mi, tí etí rẹ̀ kan ti di, béèrè.

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀. Kíkẹ́lọmọ ló rẹ́rìn-ín jù, ó sì kúnlẹ̀ gbé ife kan lé mi lọ́wọ́. Zobo ni. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí mo ti mu ún kẹ́yìn. Bóyá mo fi ìwàǹwára mu ún, bóyá ẹ̀rín ló fà á, ó gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Gbogbo pálọ̀ pa lọ́lọ́. Mò ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú mi, gbogbo èèyàn ń wò mí, bàbá mi ti dìde dúró.

Mọ́mì gbé ife búlúù wọn sílẹ̀. Wọ́n rìn wá bá mi, wọ́n sì nawọ́ sí ẹ̀yìn mi. Mo rò pé wọ́n á gbá a. Wọn kò gbá a, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e, jẹ́jẹ́, títí ikọ́ náà fi lọ.